Òrùka Idẹ tí Kò Gba Èènì

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀. Ó gbé mi kọjá òkun nínú ọkọ̀ òfurufú, Ó fún mi ní ojúrere lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ilé bàbá mi, Ó sì jẹ́ kí n bá gbogbo ẹni tí mo fi sílẹ̀ láàyè. Mo dúpẹ́ fún ojú méjèèjì tí mo fi rí ohun tí mo rí. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ àwọn ènìyàn pẹ̀lú, torí pé ọwọ́ ènìyàn ni Ó fi dáhùn àdúrà mi. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ti rí, mo ti ṣe tán láti sọ ọ́ báyìí.

Orí àpáta

Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Abà Òkè-Àánú, lẹ́yìn Akanran. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù ni wọ́n fi bò ó. Àwọn bàbá wa ló fi orí ru amọ̀ náà gòkè láti etí odò. Nínú àwọn tó rù ú, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nígbà tí mò ń sọ yìí, ìyẹn Baba Ìjọ wa, Baba Adéoyè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu pé ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé Ìkórè, àwọn yóò wó o, àwọn yóò sì kọ́ tuntun. Baba Ìjọ kò bá wọn jà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: fọ́tò kan tí ṣọ́ọ̀ṣì, òkè, oko kòkó, àwọn ilé abà, àti odò tí wọ́n ti ru amọ̀ yóò jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá."

Èmi ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Ìyànà Ọ̀fà, ilé ìwé ìjọ ló tọ́ mi, mo sì máa ń ya fọ́tò bí mo bá ti ọwọ́ iṣẹ́ dé. Ibì kan ṣoṣo ni ènìyàn ti lè rí gbogbo ohun tí Baba Ìjọ kà sílẹ̀ yẹn pọ̀, orí àpáta kan tó dojú kọ òkè náà. Iwájú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ kòtò. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà mi kò gbà ju ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lọ. Mo fẹ́ sún sẹ́yìn, kò sí ẹ̀yìn. Ni mo bá yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, apá òsì, àárín, apá ọ̀tún, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé ìjọ, ìyá kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá gbà á, ó wò ó, ó pariwo: "Ẹ wá wò ó o! Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bí ìbejì!" Ilẹ̀kùn méjì ló yọ níbi tí ọ̀kan ṣoṣo wà. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Baba Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní, "Ọlájídé, ilẹ̀ wa kò là báyìí. Odindi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Mo mọ ohun tí mo nílò: lẹ́ńsì tó ń rí gbòòrò, tó sì ṣeé nà tó ṣeé súnkì. Níbi tí ẹsẹ̀ kò ti lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, lẹ́ńsì ni yóò bá ènìyàn rìn ín. Mo wá irú rẹ̀ ká Ìbàdàn. Ojú ènìyàn ni àwọn ayàwòrán wa ń yà jẹun, lẹ́ńsì tó yẹ ojú ènìyàn ni wọ́n sì ní.

Bí Ọlọ́run ti máa ń ṣe nǹkan Rẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni ìjọ kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń bá wa kọ ìwé síra wa, ní kí a rán olùkọ́ ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi kan wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orúkọ mi ló jáde. Baba Ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kọjú sí ìgbìmọ̀: "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri yẹn kí Ìkórè tó dé. Bí Ìkórè bá ti kọjá, n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan péré kí Ìkórè tó pé. Bí ọyẹ́ bá sì tètè dé, tí ó fi eruku bo ọ̀nà jíjìn, odò kò ní hàn mọ́. Ohun tí mo gbé lọ́kàn wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn.

Ìlú tí òkè rẹ̀ kò ní igi

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilé gogoro ni gbogbo ìlú òyìnbó, n kò rí ilé gogoro níbi tí mo lọ. Òkè ni mo rí, òkè lórí òkè, koríko tútù ló bò wọ́n, kò sí igi, kò sì sí ẹni tó ń rìn níbẹ̀ àfi àgùntàn. Mo bi ara mi pé ta ló ro oko tó tóbi tó báyìí. Òkúta ni wọ́n tò ṣe ọgbà yí i ká, wọn kò fi sìmẹ́ńtì kan sí i, kò sì wó.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi débẹ̀, a pọ̀ bí ìjọ kékeré, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Mo kí bàbá tó jókòó tì mí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá náà wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ni, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì sọ fún mi pé ojú ọjọ́ dára. Òjò ń rọ̀ nígbà náà.

Opó kan ló gbà mí sílé. Ọjọ́ orí ìyá mi ni. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Dora ni kí o máa pè mí."

Mo ní, "Mà, n kò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Orúkọ mi nìyẹn."

"Bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo pe àgbàlagbà ní orúkọ, n kò ní í jẹun nílé mọ́."

A fẹnu kò sí Màmá Dora. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti ń fi í yangàn fún àwọn aládùúgbò rẹ̀: "Màmá ni ó ń pè mí."

Oúnjẹ wọn mọ́, ó sì ń gbóná, ṣùgbọ́n ata kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó bíbọ̀ ni lánàá, òun náà ni lónìí. Mo ti gbé ata gígún dání nínú agolo mílíìkì. Màmá Dora ní kí n fi kan òun lẹ́nu. Mo bu bíńtín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó mu omi ife méjì, ó wá ní, "Fún mi sí i." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ìyá náà.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òtútù sì ń gbọ̀n mí jìgìjìgì nínú rẹ̀. Ẹni bíi mẹ́ta péré ló bá mi sọ̀rọ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo rò pé wọn kò fẹ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì bá kóòtù mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ méjì àti fìlà onírun kan nínú àpò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Nílé wa, ẹni tó bá fún ọ láṣọ yóò dúró kó o gbé e wọ̀, yóò sì gbàdúrà kó tó lọ. Tiwọn, wọ́n á fi ìfẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì sá lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì tọrọ àforíjì Rẹ̀ fún ohun tí mo ti rò.

Ṣọ́ọ̀bù Baba Hẹ́nrì

Màmá Dora ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Baba Hẹ́nrì, àgbàlagbà kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Mo tú kámẹ́rà mi jáde, mo ṣàlàyé òkè wa, àpáta, àti kòtò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Baba náà gbọ́ ọ tán. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àwo kan jáde tí lẹ́ńsì àtijọ́ mẹ́ta wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kan ń dán bíi tuntun. Ojú mi ti wọ̀ ọ́.

Baba Hẹ́nrì ní, "Gbé e dojú kọ fèrèsé. Má wo ara rẹ̀, wo inú rẹ̀."

Mo wò ó. Nǹkan funfun ti hu sínú gíláàsì rẹ̀ bí ara búrẹ́dì tó ti bu.

Èkejì mọ́ nínú, ó sì ń rí gbòòrò, ṣùgbọ́n kò ṣeé nà, kò ṣeé súnkì. Ibi tí wọ́n bá fi sí náà ni. Ẹ̀kẹta burẹ́wà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ó wúwo bí òkúta, ẹnìkan sì ti fi ọ̀bẹ họ orúkọ sí i lára. Mo gbé e sí fèrèsé, inú rẹ̀ mọ́ gaara. Mo yí òrùka tó ń mú ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tóbi tàbí kéré, àwọn abẹ inú rẹ̀ pa dé, wọ́n sì ṣí láìlẹ̀ mọ́ra, kò sí òróró lára wọn. Mo mì ín lẹ́bàá etí, kò dún. Mo nà án, mo súnkì í, kò le jù, kò sì dẹ̀ jù. Láti 24 dé 45 ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo ní, "Èyí ni."

Baba Hẹ́nrì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá mú èyí tó ń dán."

Ṣùgbọ́n kò bá ẹnu kámẹ́rà mi mu. Ńṣe ni wọ́n ń yí lẹ́ńsì náà wọlé bí ìdérí ìgò, ìkọ́ ni ti kámẹ́rà mi sì fi ń há nǹkan. Baba náà fi irin ìwọ̀n wọn ẹnu kámẹ́rà mi.

"Orí bá ọ ṣe é. Láti ẹnu kámẹ́rà tìrẹ dé ibi tí fíìmù wà kò jìn. Ti kámẹ́rà tí wọ́n ṣe lẹ́ńsì yìí fún jìn jù ú lọ díẹ̀. Òrùka irin ni yóò dí àlàfo náà. Ká ní tìrẹ ló jìn jù ni, ǹ bá ní kí o má wulẹ̀ rà á."

"Ẹ bá mi gé òrùka náà, sà."

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. "N kò lè gé irú rẹ̀ mọ́. Bí mo bá rán ẹlòmíràn, oṣù méjì ni. Ìgbà wo lò ń lọ?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ǹjẹ́ ẹni tó lè gé e wà lọ́dọ̀ yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo na ọrùn sókè. Mo ní, "Ọkùnrin kan wà ní Ìyànà Ọ̀fà tó ń gé irin ọkọ̀ akẹ́rù, sà. Yóò gé e."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ní òun yóò fò. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwọ̀n náà sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn kan, wọ́n sì yà á dáadáa. Mo san owó lẹ́ńsì. Bí àṣà wa, mo béèrè: "Èènì mi ńkọ́, sà?"

"Kí ni èènì?"

"Nílé wa, bí ènìyàn bá ra nǹkan, ẹni tó tà á yóò bu díẹ̀ lé e. Kò sí nínú ohun tí a jọ sọ. Ìfẹ́ ni."

"Ṣé ó gbọ́dọ̀ wúlò ni?"

"Bí kò bá tilẹ̀ wúlò, sà, ìfẹ́ náà ni."

Wọ́n ronú, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n sì mú gíláàsì kékeré kan jáde, irú èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa lẹ bébà bọ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá mọ́ ibi tí fíìmù ń gbà nínú kámẹ́rà, tí màá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, tí màá sì fi gíláàsì náà wò ó bóyá ohun tó jìnnà yanjú lórí bébà. Wọ́n wá na ìka sí mi.

"Ṣùgbọ́n sọ fún ẹni tí yóò gé òrùka náà: òrùka yìí kò gba èènì. Bó bá fi fọ́nrán irun kan nípọn jù, ohun tó wà nítòsí nìkan lo ó máa rí. Òkè rẹ kò ní yanjú láé."

Ohun tí mi ò sọ

Nígbà tí mo dé Ìyànà Ọ̀fà, Ọ̀gá Múráínà, ẹni tó ń gé irin, jáde sí mi láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀, girísì dé ìgúnpá. "Tíṣà ìlú òyìnbó! Ẹ ti sanra, àbí òtútù ló wú yín?"

A rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní lẹ́ńsì, ìwé ìwọ̀n, àti ìdí lẹ́ńsì mi kan tó ti fọ́, kó lè lo ìkọ́ ara rẹ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú idẹ kan tó bọ́ lára ẹ̀rọ omi ńlá, ó ní, "Èyí ni màá fi ṣe é. In ṣá Allahu, ọjọ́rú."

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ Baba Hẹ́nrì níbẹ̀. Ó dé ètè mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ràn mi pé kó má fi kún un? Nílé wa, bí ẹni ti ọwọ́ rẹ̀ dà nù ni. Mo ní, "Ẹ ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé," mo sì lọ.

Ní ọjọ́rú, òrùka náà ń dán bíi wúrà. Lẹ́ńsì wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, òun náà há sẹ́nu kámẹ́rà pẹ̀lú ìró kékeré kan tó dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀gá Múráínà ní, "Mo fi èènì sí i fún yín o. Mo jẹ́ kó nípọn sí i bí ewé ìwé méjì, kó má baà tẹ̀. Tiyín yóò pẹ́ ju ti òyìnbó lọ."

Mo rántí ìkìlọ̀ Baba Hẹ́nrì. Ẹnu mi ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ọlọ́run yóò bù kún yín." Mo sọ fún ara mi pé kí ni ewé ìwé méjì lè ṣe. N kò lẹ bébà bọ́tà kankan. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gun àpáta, mo ya fíìmù kan tán. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, koríko ẹsẹ̀ àpáta yanjú, ènìyàn lè ka ewé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, oko àti odò dà bí ohun tí ènìyàn fi ojú tó kún fún omijé wò.

Ìkórè ku ọjọ́ méjì.

Mo gbé fíìmù náà lọ bá Ọ̀gá Múráínà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ mọ̀, ẹ kò sì sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí, Ọ̀gá. Mo rò pé ẹ ó bínú."

"Ohun tó ń bí mi nínú nìyí! Èmi tí mò ń gé irin sára ọkọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ rò pé n kò mọ ibi tí èènì kò gbọdọ̀ dé ni? Ẹnìkan ní láti sọ fún mi pé ibẹ̀ ni." Ó gbé òrùka náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Bí mo bá dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó lè jẹ ẹ́ jù, ohun tí a bá ha kúrò kò sì ṣeé dá padà. Ọwọ́ la ó fi ṣe é, lójú òkè yẹn gan-an. Lọ́la, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ mi, a jọ ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí kan ṣe gun àpáta nítorí ṣọ́ọ̀ṣì wa, pẹ̀lú gíláàsì pẹlẹbẹ, sáńpépà àti ìgò omi kan. Mo lẹ bébà bọ́tà sínú kámẹ́rà, mo fi aṣọ bo orí, mo wò ó. Ojú odò ṣì rú. Ó tú òrùka náà, ó fi ìka mẹ́ta rọra yí i lórí sáńpépà bí ẹni ń ra orúnkún ọmọ tó ṣubú, ó nù ún, mo dá a padà, mo wò ó. Ó ṣì ku díẹ̀. Ó tún rà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí òun náà wò.

"Súbúhánálláhì! Tíṣà, ṣọ́ọ̀ṣì yín ti dojú dé!"

"Bí lẹ́ńsì ṣe ń rí ayé nìyẹn, Ọ̀gá."

"Ẹ má jẹ́ kí Baba Ìjọ yín gbọ́."

Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹfà, igi ọsàn tó wà létí odò, tó ti dà bí èéfín látàárọ̀, di igi. Mo rí ẹ̀ka rẹ̀. Mo rí aṣọ tí ẹnìkan sá sórí òkúta lábẹ́ rẹ̀. Mo pariwo, "Ẹ dá ọwọ́ dúró!" Ọ̀gá Múráínà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Lórí àpáta yẹn, èmi ń kọ orin ìyìn, òun ń sọ pé àlùhámúdúlíláhì.

Ọjọ́ Ìkórè

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, kùrukùru funfun bo gbogbo ìsàlẹ̀. Akọ̀wé ìjọ yọ sí mi, ó ní, "Ọyẹ́ ti dé o, Tíṣà. Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la." Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè gbà ládùúrà ju "Olúwa" lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn pé ìsìn Ìkórè wa ti pẹ́ jù, ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ fún gígùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan jó jáde, òmíràn jó wọlé, wọ́n ta iṣu ní gbàǹjo, wọ́n ta àgbò, wọ́n tún ta iṣu. Nígbà tí a máa fi jáde, oòrùn ti gbé kùrukùru náà kúrò, ilẹ̀ sì mọ́ bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Baba Ìjọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ìjọ dúró yí wọn ká, mo sáré gun àpáta.

Ní 45, odò kò wọlé. Ní 24, ṣọ́ọ̀ṣì di bí páálí ìṣáná. Mo rọra yí i láìsún ẹsẹ̀ kan, títí gbogbo rẹ̀ fi jókòó sáyè rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, oko, abà, igi ọsàn, odò. Mo fi ọwọ́ pa ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré kí ti ìtòsí àti ti ọ̀nà jíjìn lè jọ yanjú, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n wó ògiri náà. Ó ti lọ.

Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Baba Hẹ́nrì. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Mo fi gíláàsì mìíràn wá èènì nínú rẹ̀, n kò rí i. Bá mi kí ẹni tó gé òrùka náà." Ọ̀gá Múráínà ní kí n túmọ̀ ìwé náà fún òun lẹ́ẹ̀mẹta, iwájú àwọn oníbàárà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n Baba Ìjọ ni mo kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà fún, bó ṣe gbẹ báyìí. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n wọ awò ojú. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì rọra fà á sọ̀kalẹ̀, gba ara òkè, gba oko kòkó, gba àárín àwọn ilé, títí dé igi ọsàn, títí dé odò tí wọ́n ti ru amọ̀ nígbà èwe wọn. Wọ́n ń wá ojú ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún fà á gòkè padà.

Wọ́n ní, "Odindi ni."

Ìwọ tí o ka èyí dé ìhín, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun tó jìnnà rú mọ́ ọ lójú. Kí Ó fi ẹni tó lè sọ òótọ́ fún ọ sí ọ̀nà rẹ, kí Ó sì fún ọ ní ẹnu láti sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Ibi tí o ti ṣẹ̀ wá kò ní parẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.